Kí Ló Ń Ti Ògiri Ìyàrá Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Fi Ń Yọ Ikùn?

Ìbéèrè: A ra ilé àtijọ́ kan ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ògiri búlọ́ọ̀kù ìyàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti yọ ikùn sínú, ó sì lanu gbọọrọ láàárín. Nǹkan kan ò kọ lù ú. Kí ló tì í?

Ìdáhùn: Omi ni, àti amọ̀ tó gba omi náà dúró. Amọ̀ máa ń wú bó bá mumi, òtútù á tún sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín, yìnyín á sì fẹ̀ sí i. Bí omi bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 lẹ́yìn ògiri, agbára omi nìkan tó ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé ní 430 pọ́n-ùn lórí gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Igi àjà di orí ògiri mú, kọnkéré ilẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àárín ni kò rí ohun tó dì í mú.

Ìbéèrè: Ṣé ká fi sìmẹ́ǹtì dí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà tí kì í ṣe òun ló máa gba iṣẹ́ náà ṣe, kó ta okùn, kó wọn ikùn ògiri. Bí kò bá ju íǹṣì 2 lọ, irin tí wọ́n nà ró láti inú sábà máa ń tó o. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó wa ilẹ̀ ìta, wọn á fi jáàkì tì í padà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n wó o tún mọ.

Ìbéèrè: Ṣé erùpẹ̀ tí a wà jáde náà la máa dà padà?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ da amọ̀ padà, ẹ ti dá ẹrù kan náà padà sẹ́yìn ògiri. Ẹ fi ọ̀dà tí omi kì í gbà kọjá kun ìta ògiri. Ẹ tẹ́ páìpù oníhò sẹ́bàá ìpìlẹ̀, kó máa gbé omi lọ síbi tó rẹlẹ̀ tàbí sí kòtò tí pọ́ǹpù á ti máa fa omi jáde. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ dà lé e, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kí katakata da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi aṣọ asẹ́ bo òkúta náà kí ẹrùpẹ̀ má baà dí i. Òkè pátápátá ni amọ̀ wúlò sí: ẹ jẹ́ kó dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, kó fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé náà má sì dà sẹ́bàá ògiri mọ́.

Bó bá jẹ́ ògiri tuntun, ẹ má da nǹkan kan tì í kí sìmẹ́ǹtì tó gan, kí igi àjà sì tó di orí rẹ̀ mú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 láìfi pákó àti irin gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ró; ilẹ̀ lè ya lójijì, kó sì bo èèyàn mọ́lẹ̀.