Eérú Kì í Dé Ibi Tí Kòkòrò Kákítọ́ọ̀sì Ń Gbé

Bí ohun funfun bí òwú bá ti yọ lára kákítọ́ọ̀sì ẹni ní Ìbàdàn yìí, ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí i yóò ní kí a bu eérú sí i, nítorí pé eérú ni àwọn ìyá wa ń bù sára ẹ̀fọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀fọ́. Ti kákítọ́ọ̀sì inú ìkòkò ni ó ti sú mi í gbọ́.

Kòkòrò ni ohun funfun náà, òun ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní mealybug. Omi ara ohun ọ̀gbìn ni ó ń fà mu, ó sì fi ìda lẹ́búlẹ́bú bo ara rẹ̀ débi pé omi lásán kì í ràn án. Eérú lè yọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ìda kò tíì bò lẹ́nu, n kò jiyàn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Mo ní kákítọ́ọ̀sì kan tí mo nu lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, síbẹ̀ tí ó ń hunjọ lójoojúmọ́. Nígbà tí mo fi ìwé ìròyìn di ẹ̀gún rẹ̀ mú, tí mo fà á yọ, gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n bu láfún sí i, ara ìkòkò nínú lọ́hùn-ún sì ní tirẹ̀. Àwọn èèrà tí mo ti ń rí nídìí ìkòkò náà kò wá ṣeré: omi dídùn tí kòkòrò yìí ń yà ni wọ́n ń lá, wọ́n sì ń lé ọ̀tá rẹ̀ dànù. Eérú orí ilẹ̀ kò kan gbogbo èyí. Bí ó bá pọ̀, ńṣe ni ó ń sọ ilẹ̀ di èyí tí kákítọ́ọ̀sì kò fẹ́. Àwọn tó ní tiwọn ṣiṣẹ́, mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò wò. N kò tíì rí ẹni tó dáhùn.

Ní ọdún 1981, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n tín-ín-rín kan sílẹ̀ láti kápá ìbátan kòkòrò yìí tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, iṣẹ́ tí Hans Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò, tìtorí rẹ̀ gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé (World Food Prize) ní 1995. Bí eérú bá tó, kí ni wọ́n wá agbọ́n lọ sí Paraguay fún? (Agbọ́n yẹn kò ní bá wa dá sí ti kákítọ́ọ̀sì, kòkòrò ara ẹ̀gẹ́ ni tirẹ̀.)

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé mo ń gbọn ilẹ̀ àtijọ́ dànù, mo ń fọ gbòǹgbò, mo ń fi í síbi òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbẹ, kí n tó fi ilẹ̀ tuntun gbìn ín. Èyí tó wà lára òkè, òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì ni mo fi ń nù ún, lẹ́yìn tí mo bá ti dán an wò níbi kékeré kan. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹyin máa ń kù. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń tún un yẹ̀ wò.

Ẹni tí sùúrù bá tán fún, kí ó má sáré lọ ra òtápíápíà. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, òun ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò rẹ̀ tí kò ju mílílítà 100 lọ ní 2019. Inú pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé kákítọ́ọ̀sì sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ń sùn sí lọ́sàn-án.