Àlàfo ìròyìn: ohun tó ń mú kí ọmọ nílò láti sọ Faransé nínú kíláàsì

Ẹ wọ inú kíláàsì Faransé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá olùkọ́ tó na bírò sókè, tó ń béèrè pé "Qu'est-ce que c'est?", ìyẹn "Kí nìyí?" Gbogbo ọmọ á sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé "C'est un stylo!" Olùkọ́ mọ̀ pé bírò ni. Àwọn ọmọ náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò ìdáhùn yẹn. Àwọn ọmọ ti rántí ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì tó dára nínú Faransé láti JSS títí dé SS, tí kò sì lè béèrè omi mímu bó bá dé Cotonou.

Ohun tó sọnù nínú ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn ni àwọn onímọ̀ ìkọ́nilédè ń pè ní information gap. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àlàfo ìròyìn. Kò le rárá. Bí èmi bá mọ ohun kan tí ìwọ kò mọ̀, tí o sì nílò rẹ̀ kí o tó lè parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, àlàfo wà láàárín wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ ló sì máa dí i. Bí olùkọ́ bá wá ṣètò pé Faransé la gbọ́dọ̀ fi dí i, ọmọ á sọ Faransé torí pé ó fẹ́ mọ nǹkan.

Àwa Yorùbá ti ń fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ṣeré kí ilé ìwé tó dé. Àlọ́ àpamọ̀ ni mò ń wí. "Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ẹni tó pa á mọ̀ pé ọmọrogùn ni. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò tíì mọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo ọmọ fi là kedere. Ẹ pa èyí tí gbogbo ilé ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe máa yán.

Àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ èdè ní Yúróòpù, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gírámà nìkan kò tó, pé ohun tí ènìyàn fẹ́ fi èdè ṣe ló yẹ kí ẹ̀kọ́ dá lé. Èyí tó wúlò fún wa jù wá láti Íńdíà. Onímọ̀ ìkọ́nilédè kan, N. S. Prabhu, darí iṣẹ́ kan lórí kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Bangalore láti 1979 sí 1984, ó sì pín àlàfo sí mẹ́ta: ti ìròyìn, ti ìrònú, àti ti èrò ọkàn. Mo máa fi oúnjẹ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iṣẹ́ yìí kò gba ẹ̀dà ìwé, kò gba iná mànàmáná, ọmọ ọgọ́ta sì lè ṣe é pọ̀ nínú kíláàsì kan. Ìkókorẹ́ la fẹ́ sè. Ẹ pín àwọn ọmọ sí méjì-méjì lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ti jókòó sí, kí ọ̀kan kọjú sí pátákó, kí èkejì kẹ̀yìn sí i. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin àti iye owó wọn sórí pátákó: l'igname, ìyẹn ewùrà wa, 1,800 náírà; l'huile de palme, epo pupa, 1,200; le piment, ata, 500; le poisson, ẹja, 2,000. Ẹni tó kẹ̀yìn sí pátákó ti kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iye owó níbẹ̀. Ó di dandan kó béèrè iye tí ewùrà jẹ́: "C'est combien, l'igname?" Ẹnì kejì á dáhùn: "Mille huit cents nairas." Kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Bó bá gbọ́ ọ ní mille six cents, tó kọ 1,600, òun fúnra rẹ̀ á rí àṣìṣe náà nígbà tó bá yíjú padà wo pátákó. Olùkọ́ kò ní láti sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ àyè, kí olùkọ́ sì yí iye owó padà.

Àlàfo ìròyìn nìyẹn. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé 5,000 náírà péré ni Màámi fi rán wọn lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 5,500 ni. Owó kò pé. Kí ni ká ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sí lórí pátákó, kò sì sí lẹ́nu ọmọ kankan. Àfi kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ wá a. Àlàfo ìrònú ni Prabhu pe ìyẹn. Ìkẹta á wá fúnra rẹ̀. Ọmọ kan á ní ká yọ ata kúrò: "Sans piment!" Ẹ ó rí i bí àwọn tó kù á ṣe dìde sí i: "Non! Moins de poisson!", ìyẹn ni pé kí ẹja dín. Ẹlòmíràn á ní epo ló yẹ kó dín. Kò sí ẹni tó jàre, kò sí ẹni tó jẹ̀bi, ohun tó wà lọ́kàn kálukú ló ń sọ. Àlàfo èrò ọkàn rèé. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n á ní kó jẹ ìkókorẹ́ tí kò lata tí ẹnu rẹ̀ á dákẹ́, bí Faransé rẹ̀ ti wù kó kéré tó.

Prabhu fúnra rẹ̀ fẹ́ràn àlàfo ìrònú ju méjì yòókù lọ. Fún àwọn ọmọ SS, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní JSS 1, ti ìròyìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí kò tíì lè to gbólóhùn kan pọ̀ nílò ohun tó dájú láti sọ.

Iṣẹ́ máàpù pẹ̀lú dára. Ẹ ya ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde sórí ìwé méjì; kí ààfin Awùjalẹ̀ wà lórí ọ̀kan, kí ọjà Òkè-Ajé wà lórí èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fi "tout droit" (tààrà) àti "à gauche" (lọ́wọ́ òsì) júwe fún ẹnì kejì ibi tí tirẹ̀ wà. Kí ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìṣarà ya àdúgbò tirẹ̀. Olùkọ́ Lárúbáwá pẹ̀lú lè mú iṣẹ́ iye owó ìkókorẹ́ yẹn lò bó ṣe rí, kó kàn fi "bi kam" rọ́pò "c'est combien".

Àwọn kan á ní ṣebí kí ọmọ máa gbọ́ èdè náà dáadáa ti tó. Kánádà ti dán ìyẹn wò. Láti 1965 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ní iṣẹ́ ilé ìwé ní èdè Faransé, ní St. Lambert lẹ́bàá Montréal. Ní 1985, onímọ̀ ìkọ́nilédè kan, Merrill Swain, kọ̀wé nípa irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Faransé ń yé wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, àlébù ṣì pọ̀. Ó ní ohun tó fà á ni pé kò sí ohun tó ń tì wọ́n láti sọ ọ́ kó já geere. Wákàtí mélòó làwọn ọmọ tiwa tilẹ̀ ń gbọ́ Faransé lọ́sẹ̀?

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn mẹ́ta kan wà tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ti ní lẹ́nu: "Pardon?" (kí lo wí?), "Répète, s'il te plaît" (jọ̀ọ́, tún un sọ), àti "Je ne comprends pas" (kò yé mi). Olùkọ́ tó bá fo ìwọ̀nyí, Yorùbá làwọn ọmọ rẹ̀ máa bọ́ sí níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti há. Bẹ́ẹ̀, ibi tó ti há yẹn ló níye lórí jù. Michael Long, òun náà onímọ̀ nípa bí èdè ṣe ń wọni lára, ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé nígbà tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ò yé òun, tí ẹnì kejì sì wá ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́, ibẹ̀ ni èdè ti ń wọ ọmọ lára.

N kò sọ pé kí ẹ lé Yorùbá jáde o. Yorùbá ni kí ẹ fi ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe ṣe iṣẹ́ náà, kó lè yé wọn kíákíá. Èmi kò sì rí ìdí kankan tí a fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kọjá lórí àlàfo nìkan ni kó jẹ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe já lu ọmọ lẹ́nu torí pé ó fi "le" síbi tó yẹ kó fi "la" sí. Ẹ máa rìn káàkiri, ẹ kọ àṣìṣe tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá tún un ṣe lórí pátákó lẹ́yìn iṣẹ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ariwo á pọ̀, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé eré á gba àyè ìdánwò, ẹ rán wọn létí pé WAEC ti Faransé ní apá tí ọmọ á ti fetí gbọ́, tí á sì fẹnu sọ̀rọ̀.

Àwọn tó nílò Faransé yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn ìbátan wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Orílẹ̀-èdè Benin, ń fi Faransé kàwé bí a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Ní tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní yunifásítì máa ń lọ gbé ní Nigeria French Language Village ní Ajara, Badagry, kí ẹnu rẹ̀ lè là. Ọmọ girama kò ní irú àǹfààní yẹn, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ ní fóònù. Ẹ wá olùkọ́ kan ní Benin yẹn, kí kíláàsì méjèèjì máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ní Kétu, wọ́n lè bọ́ sí Yorùbá mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí náà Cotonou ni màá yàn, níbi tí Fọn ti jẹ́ èdè ilé fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ Ojúde Ọba, ọdún tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni, pé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, máa ń kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ kí Awùjalẹ̀, á ní láti wá ọ̀rọ̀ Faransé fún ẹṣin, fún ọba àti fún aṣọ ẹgbẹ́, kí ohun tó ń wí tó lè yé ẹni tó ń gbọ́ ọ.