Ìwáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo

Ìwáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí èèyàn ka ìkéde iṣẹ́, kó fi ìwé ránṣẹ́, kó sì gba èsì láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1991, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti agùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ń tọ̀ báyìí.

Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ìròyìn àti ara pátákó ìkéde ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́. Ẹni tí kò lówó ìwé ìròyìn a dúró kà á níwájú ẹni tó ń tà á. Yóò wá kó ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí sínú àpòòwé ńlá, yóò gbé e dé Sẹkitéríàtì ní Abéèrè, tàbí kó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Nínú àwọn ìkànnì ìwáṣẹ́, LinkedIn bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Jobberman ti Nàìjíríà ní 2009. Nígbà tí N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ láti fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, dé ní 2016, orí ìkànnì ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Owó ọkọ̀ dínkù, àmọ́ èrò pọ̀ sí i: ní 2014, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ìmígírésọ̀n, tí kálukú san ₦1,000. Ní ọjọ́ ìdánwò, 15 oṣù kẹta, àwọn kan kú nínú ìfúnpọ̀ èrò ní Àbújá àti láwọn ìlú mìíràn.

Ìmeèlì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹni tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ní kafé lè fi ìmeèlì tirẹ̀ sí i, tàbí kó ṣí tuntun tí oníwàáṣẹ́ kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá dé, kò ní mọ̀. Kí oníwàáṣẹ́ tó kúrò ní kafé, kó ṣí ìmeèlì náà lórí fóònù ara rẹ̀, kó sì tẹ ìwé ìjẹ́rìí ìforúkọsílẹ̀ jáde.

Orúkọ ló tẹ̀ lé e. Bí WAEC bá kọ Rasidi, tí NIN kọ Rasheed, ìkànnì lè kọ̀ ọ́. Ìwé ìbúra láti kóòtù ló sábà máa ń tó fún àṣìṣe lẹ́tà. Bí orúkọ bá yí pa dà pátápátá, bíi ti obìnrin tó lọ́kọ, a tún gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Àwòrán tí a fi fóònù yà sábà máa ń tó mẹ́gábáìtì 2 sí 5, ìkànnì mìíràn kì í sì í gbà ju kílóbáìtì 200 lọ. Ilé ìtẹ̀wé lè sọ àwòrán náà di kékeré, kí wọ́n sì sọ ìwé-ẹ̀rí di PDF. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ tí fọ́ọ̀mù ń parí lè bá ìkànnì tí kò ṣí mọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkéde ayédèrú ń rin orí WhatsApp gan-an. Ìkànnì ìjọba sábà máa ń parí sí .gov.ng, ẹni tó ní kí a fi owó sínú àkáǹtì aládàáni ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olè ni.