Òru Kẹrìnlá: Bí Ààwẹ̀ Shivaratri Oṣooṣù Ṣe Ń Lọ

Bí èèyàn bá wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ilé ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà, yóò rí i pé nǹkan méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà gàdàgbà tí gbogbo ayé ń kà, àti ọ̀rọ̀ wẹẹrẹ kan tó ń sọ ibi tí oṣùpá dé. Ọ̀rọ̀ wẹẹrẹ yẹn ni olùjọ́sìn Shiva ń wá. Lóṣooṣù, nígbà tí oṣùpá bá ti joro débi pé kò ní pẹ́ wọ òkùnkùn pátápátá, òru Shiva dé nìyẹn.

Shivaratri ni wọ́n ń pè é. Shiva ni òrìṣà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé òun ló ga jù lọ, ratri sì ni òru. Maha Shivaratri, èyí tó tóbi jù, tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ni ayé mọ̀, nítorí èrò máa ń ya lọ sí Varanasi àti Ujjain ní Íńdíà, àti Kathmandu ní Nepal. Ní 2025, ọjọ́ 26 oṣù Kejì ló bọ́ sí; ní 2026, ọjọ́ 15 oṣù Kejì. Ti oṣooṣù, Masik Shivaratri, kò lárìwo bẹ́ẹ̀. Kò sí ìsinmi ìjọba, ẹni tó ń ṣe é sì lè lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan gbáko ṣe é sábà máa ń ti orí Maha Shivaratri bẹ̀rẹ̀, kó wá máa ka oṣù lọ.

Oṣù tí wọ́n ń kà, oṣù ojú ọ̀run ni. Láti ìgbà tí oṣùpá bá wọ òkùnkùn títí yóò fi tún wọ̀ ọ́ tó nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀, wọ́n sì pín àkókò náà sí 30. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni tithi. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti ìgbà tí oṣùpá ń kún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti ìgbà tó ń joro; ìkẹrìnlá nínú ti ìjoro ni Shivaratri. Tithi kì í bá aago ọwọ́ wa rìn. Ó ń parí nígbà tí oṣùpá bá ti fi ìwọ̀n 12, nínú 360 tó yí ojú ọ̀run ká, jìnnà sí oòrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣùpá fúnra rẹ̀ a máa yára nígbà kan, a sì máa fẹsẹ̀ falẹ̀ nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí tithi kan fi lè jẹ́ nǹkan bí wákàtí 19, tí òmíràn sì fi lè tó 26, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan tàbí lọ́gànjọ́ òru.

Ibí yìí ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Púpọ̀ nínú ọdún àwọn Híńdù, òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń dá a: tithi tó bá wà lóde nígbà tí oòrùn yọ ló ni ọjọ́ náà. Shivaratri kò tẹ̀lé èyí. Ọ̀gànjọ́ òru ló ni í. Wọ́n á pín òru, láti ìgbà tí oòrùn wọ̀ títí yóò fi yọ, sí ọ̀nà 15. Ìpín kẹjọ, tó wà ní àárín gbùngbùn, ni nishita. Bí oòrùn bá wọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó sì yọ ní mẹ́fà òwúrọ̀, nishita yóò bẹ̀rẹ̀ ní 11:36, yóò parí ní 12:24, ìṣẹ́jú 48 péré. Òru tí tithi kẹrìnlá bá bá nishita nílé ni òru Shiva.

Ká ní tithi náà bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú, tó sì gba wákàtí 24. Kó tó wọlé, nishita òru yẹn ti kọjá lọ. Òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀ ni Mumbai yóò ṣe àìsùn. Ṣùgbọ́n Íńdíà fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú Èkó, nítorí náà aago méjì òru yẹn, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni l'Ékòó. Ìgbà tí òru bá fi máa gànjọ́ níbí, tithi ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ará Íńdíà tó ń gbé l'Ékòó yóò ṣe tirẹ̀ lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ ní Mumbai yóò ṣe é lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tó ṣì í nínú wọn. Ìdí nìyí tí panchang, ìwé ìṣirò ọjọ́ wọn, fi gbọ́dọ̀ sọ ìlú tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Ẹni tó bá wo ti ìlú ibòmíràn lórí fóònù, tó sì gbààwẹ̀ lé e, lè pàdánù òru tó ń wá.

Méjìlá ni òru yìí lọ́dún. Àmọ́ oṣù ojú ọ̀run méjìlá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn, nítorí náà wọ́n máa ń fi oṣù kan kún un ní bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ọdún náà á sì ní Shivaratri mẹ́tàlá. Oṣù àfikún bẹ́ẹ̀ wọlé ní 2023, òmíràn sì bọ́ sí àárín oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹfà 2026. Orúkọ oṣù náà kì í bára mu káàkiri: àríwá Íńdíà ń fi oṣùpá àrànmọ́jú parí oṣù, gúúsù ń fi òkùnkùn parí rẹ̀, nítorí náà òru kan náà lè jẹ́ orúkọ oṣù méjì. Òru ọ̀hún kò tìtorí ìyẹn yí padà.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe lóru náà? Ìtàn ọdẹ kan ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọdẹ yìí dẹ̀gbẹ́ láti àárọ̀, kò rí ẹran pa, ebi sì ń pa á. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gun igi bilva kan létí omi, ó ń dènà de ẹran, kò sì lè sùn. Kò mọ̀ pé líńgà, òkúta tó jẹ́ àmì Shiva, wà nísàlẹ̀ igi náà. Àgbọ̀nrín kan wá mumi. Bí ọdẹ ṣe fa ọrun, omi inú agbè rẹ̀ ta sílẹ̀, ewé sì já bọ́ lé líńgà lórí. Àgbọ̀nrín náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun lọ fi àwọn ọmọ òun lé ẹni tó máa tọ́ wọn lọ́wọ́, òun á padà wá. Ó fi í sílẹ̀. Òmíràn dé, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, omi ń ta, ewé ń já. Nígbà tí gbogbo wọn padà wá láti kú gẹ́gẹ́ bí ìlérí wọn, ọwọ́ ọdẹ rọ, kò lè ta ọfà mọ́. Shiva sì fara hàn án. Ebi, àìsùn, omi, ewé: ohun tí ọdẹ fi àìmọ̀ ṣe ni olùjọ́sìn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Láàárọ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀, olùjọ́sìn á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, á dárúkọ ara rẹ̀, ìran tó ti wá, ibi tó wà àti ọjọ́ náà, á sọ pé òun ń gbààwẹ̀ fún Shiva, á wá da omi náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀jẹ́ ni. Àwọn kan kì í fẹnu kan omi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn jẹ èso, kó mu wàrà, kó sì yẹra fún ìrẹsì, àlìkámà, ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti aáyù; iyọ̀ tí wọ́n wa jáde látinú àpáta ni wọ́n ń lò dípò iyọ̀ òkun. Oúnjẹ ààwẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni sabudana, funfun róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àgbègbè Salem ní Tamil Nadu sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fi ẹ̀pà gígún, ọ̀dùnkún àti ata tútù yí i nínú agbada. Aláìsàn, aboyún àti arúgbó kì í fi ebi pa ara wọn. Wọ́n ń jẹ ohun tí ara wọn gbà.

Ewé bilva ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ. Mẹ́ta ló máa ń wà lórí igi ewé kan, wọ́n sì ń fi í wé ojú mẹ́ta Shiva. Èyí tó ya tàbí tí kòkòrò ti jẹ kò wúlò. Wọn kì í já a lọ́jọ́ kẹrìnlá rárá, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti já tirẹ̀ pamọ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjà lè ti ṣófo bí èèyàn bá dúró di ìrọ̀lẹ́.

Bí oòrùn bá wọ̀, òru di ọ̀nà mẹ́rin, bíi wákàtí mẹ́tamẹ́ta, wọ́n sì ń wẹ líńgà ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wàrà ló ń ṣáájú, wàrà dídì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà bọ́tà yíyọ́, oyin ló kẹ́yìn. Omi ni wọ́n fi ń ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò. Ẹni tí kò lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a ṣe ti nishita nìkan. Nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n máa ń gbé ìkòkò bàbà tí wọ́n lu nídìí kọ́ sókè líńgà, omi á máa kán tó, tó, tó, láìdáwọ́ dúró. Gbogbo rẹ̀ ń gba ẹnu àwo òkúta tó gbé líńgà dúró ṣàn jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ré ojú ìṣàn náà kọjá: ẹni tó ń yí líńgà ká á rìn dé etí rẹ̀, á ṣẹ́rí padà. Láàárín ìwẹ̀ kan sí èkejì, wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ 108, wọ́n ń sọ Om Namah Shivaya, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé mo foríbalẹ̀ fún Shiva. Aago mẹ́ta òru ló le jù. Orin ni wọ́n fi ń lé oorun lọ.

Bí oòrùn bá yọ, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi eérú fa ìlà mẹ́ta síwájú orí, wọ́n á fún ẹlòmíràn lóúnjẹ bí agbára bá wà. Lẹ́yìn náà ni omi tàbí èso tí wọ́n ti gbé síwájú Shiva yóò tó kan ẹnu wọn.