Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àlejò ń yà ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni ó mọ́ kedere, síbẹ̀ tí iṣẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀: apẹja di àwọ̀n mú, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Lójú tèmi, kámẹ́rà kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó gbé e dání ni kò tíì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kí ó tó gbé e sójú.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí pé ohun kan náà ni iṣẹ́ ọwọ́ máa ń tún ṣe léraléra. Ẹni tí ń ju àwọ̀n yóò ká a jọ sí apá, yóò gbé díẹ̀ lé èjìká, yóò yí ìbàdí sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni yóò jù ú tí àwọ̀n yóò sì tẹ́ lójú òfúrufú kí ó tó balẹ̀ sómi. Títẹ́ yẹn kì í pẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá dúró kí ó rí i kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ti pẹ́ jù. Nígbà tí ìbàdí bá yí sẹ́yìn ni kí ẹ ti múra. Bí ẹ bá sì pàdánù rẹ̀, ẹ má kánjú, yóò tún un jù.

Nọ́ńbà bíi 1/1000 lórí kámẹ́rà túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ yóò ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí ó tó láti dá àwọ̀n tí ń fò dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó nílò irú ìyára bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ń kan ọkọ̀: bí ó bá gbé òòlù sókè, òòlù náà yóò dúró díẹ̀ ní òkè pátápátá kí ó tó yí padà sísàlẹ̀, ní ibẹ̀ sì ni agbára apá rẹ̀ ti hàn jù, tí ojú rẹ̀ sì tẹjú mọ́ ìṣó. Níbẹ̀, 1/250 lè tó yín, bẹ́ẹ̀ òòlù kan náà yóò di òjìji, ìyẹn ni pé yóò hàn bàìbàì, bí ó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agbábọ́ọ̀lù tí ó fò láti fi orí gbá bọ́ọ̀lù, àti ti àwọn tí ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú ìdíje, nígbà tí wọ́n bá na àjẹ̀ síwájú tán tí kò tíì kan omi.

Nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ di òjìji. Ní ọjà ẹja Olúwo, obìnrin tí ń họ ìpẹ́ ẹja lè jókòó láìmi orí nígbà tí ọ̀bẹ ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí ẹ bá fi 1/30 yà á, tí ẹ sì fara ti òpó kí ọwọ́ yín má baà gbọ̀n, ojú rẹ̀ yóò mọ́, ọ̀bẹ yóò sì hàn bí ohun tí ń rìn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dúró yà á, fìlà àti iwájú orí nìkan ni ẹ ó rí. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ lóṣòó, kí ojú rẹ̀ lè wọ inú fọ́tò. (Ní Ẹ̀pẹ́, ìkúnlẹ̀ náà kò ní ṣàì wúlò fún ìkíni.) Ojú kò sì pọn dandan nígbà gbogbo: J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ni ó kọ kámẹ́rà sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí ń tún àwọ̀n ṣe lè dára jù láti ẹ̀yìn èjìká, níbi tí abẹ́rẹ́ àti ìka ti hàn.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà gangan lórí wa, ó sì ń ju òkùnkùn sí ihò ojú, nítorí náà òwúrọ̀ ló dára jù. Omi ọ̀sà tí ń tàn lẹ́yìn ènìyàn máa ń tan kámẹ́rà jẹ, tí yóò fi sọ ojú aláwọ̀ dúdú di èédú. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ sì fa ìka náà sókè kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ rìn sún mọ́ ọn dípò kí ẹ fi ìka fa àwòrán tóbi. Fíláàṣì ní tirẹ̀, ẹ pa á, nítorí pé ó ń da ọkàn òṣìṣẹ́ rú.

Kí gbogbo èyí tó wáyé, ẹ kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín bí ẹ ṣe ń ṣe é.” Bàbá yóò kọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Ẹ ya ìyẹn náà, ẹ fi hàn án, kí inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ẹ fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ó bá padà sídìí àwọ̀n rẹ̀ tí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín mọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.