Okùn já, igi ṣẹ́, àwo fọ́: bí “break” ṣe ń ṣiṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì

Okùn sìlípáàsì já lẹ́sẹ̀ ọmọ iléèwé kan, ó bá sọ fún tíṣà rẹ̀ pé, “My slippers has cut.” Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi fọhùn lọ́mọdé á máa wá ọ̀bẹ tó gé e, torí lọ́dọ̀ tiwọn, “cut” kì í wáyé bí kò bá sí nǹkan mímú níbẹ̀. “Break” ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kò wá sọ́kàn ọmọ yìí rárá, torí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé “break” ni “fọ́”, okùn kì í sì í fọ́.

“Fọ́” kò tó, òun ló fa gbogbo wàhálà yìí. Nínú Yorùbá, ohun tó bàjẹ́ ló ń yan ọ̀rọ̀ tó máa bá a lọ. Àwo, ìgò àti ẹyin ń fọ́. Igi ń ṣẹ́. Eegun àti eyín ń kán, eegun sì tún lè ṣẹ́. Okùn, òwú, ẹ̀wọ̀n ọrùn, gbogbo ohun tó ṣeé fà, jíjá ni wọ́n ń já. Búrẹ́dì, bíbù là ń bù ú. Obì, pípa là ń pa á. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan náà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wò ni pé odindi ni tẹ́lẹ̀, kò sì jẹ́ odindi mọ́. Aṣọ àti bébà ló yọ sílẹ̀, torí “tear” ni tiwọn, bí àwa náà ṣe ń sọ pé wọ́n ya.

Ẹni tó bá ti di ọ̀rọ̀ odindi yìí mú, ìlò àfiwé “break” kò ní í ṣú u lójú mọ́. Ohunkóhun tó bá ń lọ gbọọrọ láìdúró, odindi ni lójú Gẹ̀ẹ́sì: ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òfin, àdéhùn, àṣà tó ti mọ́ ènìyàn lára. Ohun tó bá dá a dúró tàbí tó tàpá sí i ti “break” rẹ̀ nìyẹn. Oorun òru pàápàá, ààwẹ̀ ni wọ́n kà á sí, òun ló fi jẹ́ pé “breakfast” ni wọ́n ń pe oúnjẹ àárọ̀ láti bí sẹ́ńtúrì 15. “Fast” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti eré sísá, ààwẹ̀ ni. Àwa náà ní ìṣínu, ṣùgbọ́n ti ẹni tó gbààwẹ̀ lóòótọ́ ni. Ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀ kì í ṣe ìṣínu fún ẹni tó kàn sùn tó jí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó parí ní 1884. “Break” kan náà ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan tú u. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, “bíbu àkàrà” ni. Nínú Jòhánù, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti débi àgbélébùú, “ṣẹ́” ni wọ́n lò fún eegun itan. Nígbà tó wá kan Sáàmù 51, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé “a broken spirit”, “ìròbìnújẹ́ ọkàn” ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ká ní wọ́n kọ “ẹ̀mí fífọ́” ni, ta ni ì bá lóye rẹ̀?

Ọkàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé ló ṣe é, a ó ní ó já wa kulẹ̀. Okùn lèyí ń rántí, kì í ṣe àwo: ohun tí a dì mú já, a sì bá ara wa nílẹ̀. Ti àdéhùn tún yàtọ̀. Yíyẹ̀ là ń yẹ̀ ẹ́, òfin là ń rú, ilẹ̀ là ń dà, àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀ lé “break” tún ń yí i padà. “Break out” ni bíbẹ́ sílẹ̀ ogun tàbí àjàkálẹ̀ àrùn. “Break in” ni olè tó fọ́lé. “Break down” ni ọkọ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó bú sẹ́kún. Èyí tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù ni “broke” àti “broken”. Ẹni tó ní “I am broke”, owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní “I am broken”, ìbànújẹ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Owó nìkan kò lè tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú.

“Break a leg” ò ṣeé fi odindi túmọ̀ ní tiẹ̀. Àwọn òṣèré orí ìtàgé ló ń fi í ṣàdúrà fún ara wọn kí wọ́n tó jáde síwájú èrò. Bí wọ́n bá tú u ní tààrà fún ìyá Yorùbá kan, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ni yóò dáhùn.

Ibì kan wà tí èdè méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá gbé owó ńlá lọ bá oníṣọ́ọ̀bù lókè òkun lè ní kí ó “break” ẹ̀ fún òun. Lọ́jà wa, a ó ní, “Ẹ bá mi ṣẹ́ owó yìí.” Bébà ni owó náà, kì í ṣe igi, síbẹ̀ a ṣẹ́ ẹ.