Ìwé Tó Ń Ṣáájú Ẹrù: Bí 856 Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Láàárín Olùpèsè Ọjà àti Ilé Ìtajà Ńlá

Tírélà kan fẹ̀yìn rìn wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó dúró níbẹ̀ láti gba ẹrù kò tú páálí kankan wò. Ẹ̀rọ kékeré kan ló nà sí lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára ẹrù, ẹ̀rọ náà dún, ó bọ́ sórí èyí tó kàn. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ti mọ ọjà tó wà nínú páálí náà, iye rẹ̀, ìbéèrè ọjà tó torí rẹ̀ wá, àti ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó gùn tó òǹkà 18, ni ẹ̀rọ náà kà lára lébẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ìyókù ti dé ṣáájú ọkọ̀. Ìwé tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní 856 ló gbé e wá nígbà tí awakọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

EDI ni orúkọ gbogbo ètò náà: kọ̀ǹpútà ilé ìtajà àti ti olùpèsè ń bára wọn sọ̀rọ̀, láìsí ẹni tó ń jókòó tẹ ọ̀rọ̀ ìwé kan sínú òmíràn. Ìlànà X12 ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì ti wà láti 1979. 850 ni ìbéèrè ọjà. 855 ni ìdáhùn olùpèsè sí ìbéèrè náà. 856 ni ìkìlọ̀ pé ẹrù ń bọ̀, 810 sì ni ìwé tí olùpèsè fi ń béèrè owó rẹ̀. Bí fáìlì ṣe ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá kò yẹ kó dá ẹnikẹ́ni dúró: láti 2002 tí ilé ìtajà ńlá Walmart ti sọ fún àwọn olùpèsè rẹ̀ pé ọ̀nà AS2 ni kí wọ́n máa gbà, iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà ń ṣe fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lè rò pé ó ti bàjẹ́. Bí ìlà kan ṣe máa ń rí nínú 850 nìyí:

PO1*1*48*EA*9.25**UP*012345678905~

Ẹni tó bá gbọ́ nípa àrokò rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Tí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan, kì í ṣe pé wọ́n fún un lówó. Ẹẹ́fà ni, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọ̀rọ̀ wọn jọ, wọ́n jọ wà pọ̀. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra jẹ́ ìrẹ́pọ̀, èyí tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ìjà. Iye àti ipò ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlà òkè yìí. Ipò kejì lẹ́yìn PO1 ni iye tí wọ́n fẹ́, 48. Ipò kẹta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kà á sí. Ipò kẹrin ni owó ẹyọ kan, dọ́là 9.25. Lẹ́yìn rẹ̀, àmì ìràwọ̀ méjì tẹ̀ léra, ipò kan sì wà láàárín wọn tó ṣófo. Òfìfo yẹn kò ṣeé yọ. Bí ìràwọ̀ kan bá sọnù níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú ní ìjókòó kan, bákóòdù ọjà á sì bọ́ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹni tó ru àrokò ṣe lè gbé e dé láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni AS2 ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú àdììtú títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Àmọ́ 856 ju àrokò lọ. 850 àti 810 jẹ́ àtòjọ: ọjà kan, òmíràn, àpapọ̀ wọn. Agboolé ni 856. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ HL, ohun mẹ́ta ni HL kọ̀ọ̀kan sì ń sọ: nọ́ńbà mi nìyí, nọ́ńbà òbí mi nìyí, irú ohun tí mo jẹ́ nìyí.

HL*1**S~
HL*2*1*O~
HL*3*2*T~
HL*4*3*P~
HL*5*4*I~

S ni gbogbo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀. Òun ni baba ńlá tó tẹ agboolé dó, ìdí nìyẹn tí ipò òbí rẹ̀ fi ṣófo. O ni ìbéèrè ọjà. Bí ọkọ̀ kan bá gbé ọjà ìbéèrè mẹ́ta, ọmọ bàbá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. T ni pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to páálí lé, P ni páálí, I ni ọjà gan-an. Ẹ bi ọṣẹ kan léèrè pé ọmọ ta ni: ó ní páálí ló bí òun. Páálí ní pálẹ́ẹ̀tì ló bí òun. Pálẹ́ẹ̀tì dárúkọ ìbéèrè, ìbéèrè dárúkọ ọkọ̀. Ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí igbá yìí lè ka ìran rẹ̀ dé ìdí láìkọsẹ̀. Bí HL kan bá wá dárúkọ òbí tí kò sí nínú ìwé, ọmọ òrukàn ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ ilé tí yóò mú un lọ.

Páálí méjì lè gbé ọṣẹ kan náà ní iye kan náà, kí wọ́n jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà olóǹkà 18 yẹn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. SSCC ni wọ́n ń pè é, olùpèsè fúnra rẹ̀ ló sì ń fún páálí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìlànà GS1, àjọ tó ń bójú tó nọ́ńbà bákóòdù, sọ pé tí ó bá ti lo nọ́ńbà kan, kò gbọdọ̀ fi í fún ẹrù mìíràn títí ọdún kan yóò fi kọjá lẹ́yìn ìgbà tí ẹrù àkọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ará ilé tí òfin yìí lè yà lẹ́nu: a kì í sọ ọmọ ní Babátúndé nígbà tí bàbá àgbà ṣì ń jẹun lọ́ọ̀dẹ̀.

Torí pé ìran páálí ti wà nílẹ̀ kí páálí fúnra rẹ̀ tó dé, ẹrù lè gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé kó sì gba òmíràn jáde sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, láìsùn síbẹ̀ rárá. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyẹn, ọgbọ́n náà sì ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba Soviet dí ọ̀nà mọ́ ìwọ̀-oòrùn Berlin ní 1948, bàálù ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ àti èédú wọ ìlú. Ìwé ẹrù ń wá ní oríṣiríṣi ìrísí àti èdè, ẹni tó ń gba ẹrù kò sì lè rí ojú ọ̀nà nínú wọn. Edward Guilbert, ológun Amẹ́ríkà tó wà nídìí iṣẹ́ ìkẹ́rù náà, wá ṣètò ìwé ẹrù onírísí kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì, rédíò tàbí tẹlifóònù ránṣẹ́. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ lè fò ju ẹrù lọ, bí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á bá ti fẹnu kò lórí ipò ohun kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí àṣìlóye ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí, ó sì ń dunni torí olówó kékeré ló ń jìyà rẹ̀. Bí 856 bá dé, kọ̀ǹpútà ilé ìtajà máa ń dá ìwé kúkúrú kan padà, 997. Bí lẹ́tà A bá wà nínú rẹ̀, olùpèsè á mí kanlẹ̀, á ní wọ́n ti gba ẹrù òun wọlé. Kò sẹ́ni tó gba ẹrù kankan. Ohun tí 997 ń sọ ni pé ìwé náà ṣeé kà: ìràwọ̀ pé, ìlà tí òpin ìwé sọ pé ó jẹ́ 41 jẹ́ 41 lóòótọ́, kò sí ohun tó jókòó sí ipò tí kò yẹ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin ló sọ pé àrokò ti dé, okùn rẹ̀ kò sì já. Kábíyèsí kò tíì fojú kàn án. 856 tó ní páálí gbé 48, nígbà tí 44 ló wà nínú rẹ̀, á gba A. Èyí tó dárúkọ ìbéèrè tí ilé ìtajà ti fagi lé á gba A pẹ̀lú.

Àárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí owó bá fẹ́ wọlé, ni àṣìṣe máa ń fojú hàn: ilé ìtajà ti yọ nínú owó náà torí àṣìṣe inú ìwé. Èyí yàtọ̀ sí ìtanràn orí ẹrù fúnra rẹ̀, irú èyí tí Walmart bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tó lè gba 3% iye owó ọjà lọ́wọ́ olùpèsè tí ẹrù rẹ̀ kò bá dé lásìkò tàbí tí kò pé.

Ọ̀nà àbùjá kan ló ń bí púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí. Àwọn sọ́fítíwíà kan ní bọ́tìnì tó ń sọ 850 di 856 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè ní 48, 856 náà ní 48, kò sì sẹ́ni tó ka ohun tó wọ inú páálí. Ẹni tí a bi léèrè kàn dá ìbéèrè náà padà fún ẹni tó bi í. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń di ẹrù ló yẹ kí 856 ti wáyé: kí ẹ̀rọ ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọ páálí, kí wọ́n lẹ páálí, kí lébẹ́ẹ̀lì jáde, lẹ́yìn náà kí HL tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ọmọ tí a kò tíì bí, a kì í kó èèyàn jọ sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn olùpèsè nìkan. X12 ń jẹ́ ìlànà kan, ṣùgbọ́n ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń fẹ́ pálẹ́ẹ̀tì nínú ìran, èkejì kò fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ní kí ọjà jẹ́ ọmọ páálí, òmíràn ní kí páálí jẹ́ ọmọ ọjà. Olùpèsè tó ń tà fún ilé ìtajà márùn-ún ń kọ́ agboolé márùn-ún fún ọṣẹ kan ṣoṣo, òun ló sì ń san owó bíríkì.

Ìwé tó lè tún èyí tó le jù ṣe wà nínú X12 fúnra rẹ̀. 824 ni. Kábíyèsí ni 824 ń gbẹnu sọ: a ti ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú 856 rẹ, ìbéèrè tí o dárúkọ kò sí lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá tètè dé, olùpèsè á ṣàtúnṣe, á fi 856 mìíràn ránṣẹ́ kí tírélà tó wọlé. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtajà ló ń fi í ránṣẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti ń fi í ránṣẹ́, ìwé ìsanwó tí iye rẹ̀ ti dín ni olùpèsè máa ń kọ́kọ́ rí.